Ihò Wo Lẹ Ń Fi Píìnì Sí, Bàbá?

Bàbá mi,

Mo mọ̀ pé kíkí ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kò tọ́ mi kí n máa já lu ọ̀rọ̀ láìkí àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ohun tó ti ń bí mi nínú láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kíkí á tẹ̀lé e. Ihò wo lẹ máa ń fi píìnì sí?

Ọ̀rọ̀ Tẹ̀lémi ni, tírélà kékeré onítáyà méjì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín jó pọ̀, tí ẹ ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù láti fi kó ìrẹsì Màmá láti oko Ìgbẹmọ wá sí Adó. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ. Ọdọọdún lẹ ń kùn ún lọ́dà. Ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ ra táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọjọ́ tí ẹ ra gílóòbù sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Mo ti yẹ gbogbo kàlẹ́ńdà yín wò, láti èyí tó wà nínú yàrá títí dé èyí tí ẹ fi bo orí àpótí. Mo rí ọjọ́ tí ajá aládùúgbò bí, n kò rí Tẹ̀lémi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, a rò pé Màmá máa fi oko ìrẹsì sílẹ̀, kó máa ra ti ẹlòmíì tà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Kò fi sílẹ̀. Ó dá oko lọ́dún yìí ju bí ẹ ti ń dá a lọ. Èmi náà wá ra píkọ́ọ̀pù, tòkúnbọ̀ aláwọ̀ búlúù, torí mo rò pé bí mo bá ti ní ọkọ̀, tí Tẹ̀lémi sì wà nílẹ̀, ìṣòro ti tán. Ìṣòro kò tán. Píkọ́ọ̀pù mi ga ju tiyín lọ, ó ga débi pé Màmá ń gbé àpótí ìdáná sílẹ̀ kó tó lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí a so Tẹ̀lémi mọ́ irin tó bá ọkọ̀ náà wá, ṣe ló gbé imú sókè bí ewúrẹ́ tó ń nàgà sí ewé. Kò sí ẹrù tí a fẹ́ kó sí i tí kò ní yọ̀ sẹ́yìn.

Bùrọ̀dá Kúnlé wò ó, ó mi orí. Ẹ mọ ọmọ yín. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá ní sẹkitéríàtì, ohunkóhun tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó ti di ohun tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Ó ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Ó fún mi di ọjọ́ Sátidé: bí Tẹ̀lémi bá lè kó ìrẹsì Màmá wọ Adó láìsí wàhálà, kó máa gbé nílé, bí kò bá lè ṣe é, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ajé. Màmá mú ìnulẹ̀. Ó bu omi sínú ike, ó lọ fọ ẹrẹ̀ tó wà lára Tẹ̀lémi. Mo ní kí n lọ gba ìnulẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún mi.

Ìyẹn ló gbé mi dé ibi tí wọ́n ń ta pàátì ọkọ̀. Tóbà ni mo ń wá, irin tí wọ́n ń kì bọ ìdí ọkọ̀ tí orí tírélà ń jókòó lé, èyí tó ṣeé gbé sókè tó ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Bàbá, ẹ ti kú o, ẹ ti bọ́. Àlàájì tó ni ìsọ̀ náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Adó, wò mí láti òkè délẹ̀.

“Màdáámù, ọkọ yín ńkọ́? Ẹ ní kó wá fúnra rẹ̀.”

Ọkọ mi tí kò mọ ibi tí wọ́n ń bu omi sí nínú ọkọ̀. Mo ní, “Èmi ni mo ń wà á, Àlàájì. Ẹ kó wọn jáde kí n rí wọn.”

Mẹ́ta ló kó jáde. Àkọ́kọ́ jẹ́ irin tó tẹ̀ kọdọrọ, kò ṣeé sún síhìn-ín sọ́hùn-ún rárá, òun ni Àlàájì sì fẹ́ kí n rà. Èkejì ń yọ̀ lójú òpó, àmọ́ sípánà ni èèyàn máa fi tú u nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta dúró ṣánṣán, ó ní ihò mẹ́fà láti òkè délẹ̀, èèyàn á fa píìnì yọ, á gbé apá tí bọ́ọ̀lù irin tí tírélà ń jókòó lé wà lára rẹ̀ lọ sí ihò tó bá wù ú, á sì kì í padà. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Mo béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ṣì. Àlàájì fẹ́ àkọ́kọ́. Mẹkáníìkì mi kò fẹ́ kí n ra ìkankan, ó fẹ́ bá mi jó irin mọ́ ọn. Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti rí ọ̀kan tó ń dán nígbà tó lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, èyí tó ń dán yẹn ni kí n wá kiri. Ọlọ́kadà kan tí kò mọ ohun tí à ń sọ dúró, ó pa mọ́ṣíìnì rẹ̀, ó ní kí n ra èyí tó wúwo jù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ra oníhò mẹ́fà. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ó jọ tiyín.

Bàbá, ó yẹ kí n sọ èyí kí ẹ tó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò lè béèrè mọ́. Irin pẹlẹbẹ tí ẹ lu ihò sí, tí ẹ dè mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù yín àtijọ́, kò sí mọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, koríko ti hù bo píkọ́ọ̀pù yẹn lẹ́yìnkùlé, àwọn tó ń ra irin àlòkù kọjá, mo sì na ọwọ́ sí wọn. Mo dúró, mo ń wò ó bí wọ́n ti ń wọ́ ọ jáde. Mo rí irin yẹn ní ìdí rẹ̀, mo rí ihò inú rẹ̀, ó ti dógùn-ún, mo pè é ní irin lásán. Ẹ̀yin ti ṣe tóbà tó ṣeé gbé sókè sọ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó ń tà á tó gbé e dé Adó, èmi ọmọ yín sì fà á lé wọn lọ́wọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Bùrọ̀dá wá ń sọ̀rọ̀ nípa àtita Tẹ̀lémi, ẹnu mi wúwo. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Mo gbé tóbà tuntun délé. Ẹ rántí pé fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ya igi ìgbérù, ohun tí wọ́n ń pè ní lífà, sójú pátákó. Mo ní kí n ṣe é bí olùkọ́. Mo wa ọkọ̀ lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Mo kó gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, àní jáàkì àti táyà àgbélọ́wọ́ pàápàá. Mo fọ̀ ọ́. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo yá irin olómi tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bí ògiri bá tẹ́jú, mo gbé e lé Tẹ̀lémi lórí. Ihò karùn-ún láti òkè ló bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ inú omi irin náà dúró ní àárín gedegbe. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá. Inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò.

Ọjọ́bọ̀ ni èmi àti Màmá lọ sí Ìgbẹmọ lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde. A di àpò márùn-ún sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, a di méje sínú Tẹ̀lémi. A kò tíì rìn jìnnà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan, gẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Sítíárìn wá fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, iwájú ọkọ̀ ń wo òkè. Baba àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko na àdá rẹ̀ sí wa.

“Ùdí ọkọ̀ yín ti jókòó sílẹ̀ o. Ẹ dúró.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìdí píkọ́ọ̀pù ti rì, ó fa Tẹ̀lémi ní imú wá sílẹ̀, ẹsẹ̀ irin tó wà níwájú rẹ̀ sì ti ń ha ọ̀dà títì láti ìgbà tí a ti kúrò lóko. Irin ẹsẹ̀ náà ti jẹ tó ìka kan. A rọra yí padà. A já gbogbo ìrẹsì sí ilé ìbátan Màmá ní Ìgbẹmọ, a fa Tẹ̀lémi lófìfo wálé. Bùrọ̀dá pè mí lórí fóònù, gbólóhùn kan péré ló sọ: “Ó kù di ọjọ́ Ajé.”

Mo bínú sí yín, Bàbá. Mo ń sọ ọ́ kedere. Lọ́jọ́ Ẹtì mo dúró níwájú fọ́tò yín ní pálọ̀, èyí tí ẹ ti dé fìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú kan, mo bá yín jà. Gbogbo ihò ni mo ti gbìyànjú. Bí mo bá fi píìnì sí karùn-ún, á tẹ́jú lófìfo, á rì bí a bá di ẹrù. Bí mo bá gbé e sókè, á na imú lófìfo, ẹ̀rù á sì bà mí láti di nǹkan kan sí i. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ kò ní irin olómi. Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ Sátidé yín kò ṣe mí láǹfààní kankan.

Ohun tí mo rántí nìyí. Nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ní àràárọ̀ Sátidé tí ẹ bá ń lọ kó ìrẹsì, ẹ máa ń pè wá jáde. A máa gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Bùrọ̀dá Kúnlé á lọ sí igun òsì, Bùsáyọ̀ àbúrò mi á lọ sí igun ọ̀tún, èmi tí mo sanra jù á jókòó sí àárín, nítòsí ìdí ọkọ̀. Ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, Màmá á di ẹnu tépù mú fún yín, ẹ ó máa ráhùn sí irin, ẹ ó máa ráhùn sí Màmá. Ẹ ó wá gbá ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ní, “Ó tó.” Ẹ ó wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú wa lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ìtòsí Ọjà Ọba, ẹ ó ra búrẹ́dì gbígbóná fún wa, ẹ ó sọ̀ wá kalẹ̀, àwa á sì máa jẹ ẹ́ bọ̀ wálé ní ẹsẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, mo ní bàbá mi kì í lọ sóko láìkọ́kọ́ gbé wa jáde. Òun ni mo fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi yangàn nílé ẹ̀kọ́.

Màmá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì nígbà tí mò ń bá fọ́tò yín jà. Kò gbé ojú sókè.

“Ùgbà tí o wọn urin yẹn, ta ló wà lẹ́yìn ọkọ̀?”

“Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Mo kó gbogbo ẹrù kúrò.”

Ó ju òkúta kan nù. “Bàbá rẹ kì í wọn ọkọ̀ tí ebi ń pa. Oko ni ìrẹsì ń wà nígbà náà, kò sí ẹrù nílé. Ẹ̀yin ló ń fi ṣe àpò.”

Mo jókòó. Bàbá, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fíṣíìsì, mo jókòó sórí àga yín. Àpò. Gbogbo ìgbádùn Sátidé mi, gbogbo ìyangàn mi, àpò ìrẹsì lẹ fi mí ṣe, kí sípíríìnì ọkọ̀ lè rì dé ibi tó yẹ. Torí mo sanra jù lẹ ṣe fi mí sí ìdí ọkọ̀. Àpò mélòó ni mo jẹ́ lójú yín? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa? Mo bi Màmá, ó ní kí n wá bá òun ṣa òkúta.

Ní àárọ̀ Sátidé mo pe àwọn méjèèjì. Bùsáyọ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́. Bùrọ̀dá wá pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó dúró bí ẹni tó wá ṣe ẹlẹ́rìí òkú.

Mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ẹ̀yìn ọkọ̀.”

“Fún kí ni?”

“Ẹ ṣáà gùn ún, sà.”

Ó wo Màmá. Màmá ti gbé àpótí ìdáná wá sídìí ọkọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gùn ún, orúnkún rẹ̀ ń dún. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó máa jókòó sí fún un, igun òsì ló lọ tààrà. Bùsáyọ̀ lọ sí ọ̀tún. Àárín ṣófo, torí èmi ni mo wà nílẹ̀, níbi tí ẹ̀yin máa ń wà.

Màmá ní, “Ẹ gbé àpò méjì sí àyè rẹ̀.”

“Mẹ́ta, Màmá,” ni Bùrọ̀dá wí. “Ẹ ò wò ó ni?”

Bùsáyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. A kò tíì rẹ́rìn-ín nínú ọgbà yẹn láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi. Mo gbé àpò méjì síbẹ̀, nínú èyí tí Màmá fẹ́ gbé lọ sí ìsọ̀. Ìdí píkọ́ọ̀pù rì, ó dúró. Màmá ti di ẹnu tépù mú kí n tó wẹ̀yìn. Mo fa píìnì yọ. Ihò karùn-ún, ó rẹlẹ̀ jù. Ìkẹrin, ó kù díẹ̀. Ihò kẹta láti òkè: Tẹ̀lémi tẹ́jú bíi tábìlì.

Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí, tí n kò ti rí ojú ẹnikẹ́ni, ni ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́ lẹ́nu mi. “Bùrọ̀dá, irin oníhò tí Bàbá ṣe, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.”

Ó dáhùn látòkè. “Mo mọ̀. Mo pàdé wọn lọ́nà. Mo rí i lórí ọkọ̀ wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọjá.”

Mo kì píìnì bọ̀ ọ́, mo dìde, mo gbá ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ó tó.”

Bàbá, kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró. Bùsáyọ̀ di etí ọkọ̀ mú, ó ń wo iwájú. Bùrọ̀dá Kúnlé, ọ̀gá ní sẹkitéríàtì, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀, ó tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa. Màmá gun iwájú, ó ti ilẹ̀kùn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo wọlé, mo wà wọ́n. Ní ìtòsí Ọjà Ọba, mo dúró, mo ra búrẹ́dì, mo gbé e sókè sí wọn. Wọ́n gbà á. Wọn ò sọ̀ níbẹ̀ náà.

Tẹ̀lémi kó ìrẹsì wọ Adó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó tẹ̀lé mi tààrà, kò ha ilẹ̀, kò mì. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá lọ́jọ́ Ajé. Bùrọ̀dá ló jáde sí wọn lẹ́nu géètì, ó ní kò sí irin àlòkù nínú ilé yìí. Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún yìí, lẹ́tà gàdàgbà, níbi tí ọmọ mi á ti rí i: ihò kẹta, kí àwọn ọmọ wà lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan, n kò sì ní jẹ́ kí ẹ sinmi títí n ó fi wá bá yín níbẹ̀. Bí ẹ bá ti kì píìnì bọ ihò, iṣẹ́ àpò ti parí nìyẹn. Nínú ọgbà ló yẹ kí ẹ ti sọ̀ wá kalẹ̀. Kí lẹ tún ń gbé wa lọ ra búrẹ́dì sí?

Ẹ kú ìsinmi o, Bàbá. Mo ti kí yín báyìí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń jókòó sí ìdí ọkọ̀, àpò méjì, kì í ṣe mẹ́ta.